Omi Tí Kò Kán Sílẹ̀

Nígbà tí mọ́tò Ọ̀gá Tíṣà wọ ọgbà iṣẹ́ mi ní Kuto lẹ́ẹ̀kẹfà láàárín oṣù mẹ́ta, mo ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó wà níwájú mi, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwà yẹn kò bójú mu. Ẹni tó kọ́ mi níwé fún ọdún mẹ́ta ni bàbá yìí, ó sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti sú mi dé góńgó. Mo ti pààrọ̀ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo ti pààrọ̀ pọ́ńpù omi, mo ti wá rédíétọ̀ mìíràn sí i. Síbẹ̀, tó bá ti dé Kọ́bapẹ́ báyìí, ó tún gbóná nìyẹn, omi inú rẹ̀ á sì ti lọ sí ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀.

Iṣẹ́ rédíétọ̀ niṣẹ́ mi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, iná ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, omi ló sì ń bá a pa ooru náà. Pọ́ńpù á ti omi yípo inú ẹ́ńjìnnì, omi á gba ooru, á gba inú họ́ọ̀sì lọ sí rédíétọ̀ tó wà níwájú ọkọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ níbẹ̀ kó lè tutù, á sì tún padà. Tí omi bá jò tán, orí ẹ́ńjìnnì á wọ́, ó parí nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò ju pé kí n wá ibi tí omi ti ń jò, kí n sì dí i. Ẹ rò pé ó rọrùn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́.

Ká má parọ́, mọ́tò kì í sábà bí mi nínú. Àwọn tó ni mọ́tò ni. Kúlántì ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ó ní àwọ̀, òmíràn dà bí ewé, òmíràn pọ́n, ó ní òórùn dídùn kan, kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá pé kó lọ ra ohun tí yóò dà síbi tí omi kànga lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Á wò yín bí ẹni tó fẹ́ lù ú ní jìbìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ìlú yìí lọ sí Èkó láràárọ̀, tí wọ́n so táì mọ́rùn, omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ní báńkì, fi ọkọ̀ afàmọ́tò fa ọkọ̀ tirẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, mo bá nǹkan funfun níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó fà. Láfún ni. Ẹnìkan ló sọ fún un pé láfún máa ń dí ojú ihò. Òótọ́ kúkú ni, ó dí ojú ihò, ó sì dí gbogbo ọ̀nà yòókù mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì wá fi ooru rẹ̀ rò ó títí ó fi jinná. Mo bi ọ̀gá báńkì bóyá kí n ránṣẹ́ lọ ra ọbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo fi ọjọ́ méjì gbáko fọ ẹ́ńjìnnì náà.

Ọ̀gá Tíṣà kò jẹ́ da láfún sínú ọkọ̀. Ó mọ̀wé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tó mọ̀ yẹn gan-an ló sì kó wa sí wàhálà. Nígbà tó ń kọ́ wa nílé ìwé ìjọ ní Òwu, ó gbé kẹ́tù lé iná èédú níwájú kíláàsì, ó sì kọ́ wa pé kò sí ohun tó ń gba ooru mọ́ra bí omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dábàá kúlántì fún un, ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Káyọ̀dé, kí ni mo kọ́ yín nípa omi?"

"Ẹ ní òun ló ń gba ooru mọ́ra jù, sà."

"Ó dára. Jókòó."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, mo wá àga. Látọjọ́ náà, mi ò bá a sọ̀rọ̀ kúlántì mọ́. Omi òjò ló ń gbè, tó fi aṣọ funfun sẹ́, tó ń gbé wá fún mi nínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ ju ife tí mo fi ń mu omi lọ. Mo ń dà á sí i, mo ń kùn sínú. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì ṣe é nítorí pé mi ò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ń já ọ̀gá mi ní koro.

Ká ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ lásán ni, ǹ bá ti sọ fún un pé kó gbé e jù sílé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni ọkọ̀ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá lápá ọ̀tún láti ọdún tó kọjá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó gbé e sí. Ilé ìwòsàn kan wà lọ́nà Ṣàgámù, kọjá Kọ́bapẹ́, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń kọ́ wọn ní ìrìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Wọn ò lè gun ọ̀kadà, wọn ò sì lè wọ bọ́ọ̀sì. Tí mọ́tò yẹn bá kú, ìrìn kíkọ́ ti parí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé tí wọn ò bá dáwọ́ dúró, wọn yóò fi ọ̀pá rìn kó tó di ọdún tuntun.

Màmá máa ń bá ọkọ wọn wá sọ́dọ̀ mi. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á jókòó síwájú pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ òsì sí mi láti ojú fèrèsé, wọ́n á sì ní, "Má bínú, ọwọ́ òsì ni." Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bẹ̀ mí nítorí ọwọ́ òsì yẹn. Nígbà tó yá, wọn ò na ọwọ́ mọ́. Wọ́n á kàn máa wo itan ara wọn títí a ó fi parí. Mo rò pé àìsàn ló ń le sí i, mo sì ń káàánú wọn láti ọ̀nà jíjìn.

Èmi àti ọkọ̀ wá di ọ̀tá. Omi tó bá jò gbọ́dọ̀ kán sílẹ̀, ibi tó bá sì kán sí lèmi máa ń tẹ̀ lé. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ yìí, ó gbẹ. Mo fi ọwọ́ pa gbogbo họ́ọ̀sì, wọ́n gbẹ. Mo wo òróró ẹ́ńjìnnì bóyá omi ti wọ inú rẹ̀, nítorí bó bá wọ̀ ọ́, á funfun bí ẹ̀kọ mímu, kò funfun. Mo ní kí Ọ̀gá Tíṣà jẹ́ kí n wo inú ọkọ̀, ó ní inú ọkọ̀ kò ní ìṣòro kankan. Ó ti tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ Màmá, ó tẹ́ aṣọ lé e, gbogbo inú ọkọ̀ sì ń rùn káńfọ̀ bí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Ó tún sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé gíláàsì iwájú máa ń ṣú láti inú. Mo ní ìgbà òjò ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìgbà kẹfà yẹn. Ọ̀gá Tíṣà rìn wá bá mi níbi tí mo forí pamọ́ sí. Òun nìkan ló wá lọ́jọ́ náà. Kò pè mí, ó kàn dúró ti ọkọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Ó ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn. Àwọn ọmọ wọn l'Ékòó ti jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí òun ta mọ́tò, kí ìyá wọn máa gbé inú ilé, nítorí pé wàhálà náà ti pọ̀ jù. Mo bi í pé kí ni Màmá wí sí i. Ó ní Màmá kò wí nǹkan kan, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọn kò ti wí nǹkan kan.

Nígbà náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi òjò rẹ̀ jáde.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," mo ní, "nínú kíláàsì, tiyín ni mo gbà. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí, tèmi lẹ ó gbà. Tẹ́ ẹ bá tún da omi yẹn sí i, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé omi òjò kò láwọ̀, kò lóòórùn, ibikíbi tó bá kán sí á gbẹ láìfi àmì sílẹ̀. Mo ní kúlántì aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́ dà sí i, pé ibi yòówù tó bá gbà jáde, á kun ibẹ̀, ojú mi á sì tó o. Mo fa omi rẹ̀ dànù, mo da kúlántì sí i títí ó fi kún. Mo tún sọ pé èmi náà ń bá wọn lọ lọ́jọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àti gálọ́ọ̀nù kúlántì kan láàárín ẹsẹ̀ mi. Màmá wà níwájú lápá ọ̀tún, aṣọ bò wọ́n láti itan dé ilẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn, wọn ò sì sọ nǹkan mìíràn. Títí a fi jáde nílùú, géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn dúró jẹ́jẹ́. Bí a ṣe ń sún mọ́ Kọ́bapẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Mo ní kí Ọ̀gá yà sẹ́bàá ọ̀nà, a sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́.

Mo rá sábẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo gbogbo kọ̀rọ̀, mi ò rí àwọ̀ ewé níbì kankan, bẹ́ẹ̀ kúlántì inú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ti fà sílẹ̀ dé ìdajì. Mo fi ọwọ́ gbá irin ọkọ̀, mo bú u. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ kí mi pé mo kú wàhálà. Mi ò dá a lóhùn, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà.

"Káyọ̀dé."

Màmá ló pè mí. Mo lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn.

"Ẹsẹ̀ mi," wọ́n ní.

Ọ̀gá Tíṣà ti sáré yí ká ọkọ̀ wá, ó ń fa aṣọ náà sísàlẹ̀. "Ó ti rẹ ìyá yín," ó ní. "Padà sídìí ẹ́ńjìnnì, Káyọ̀dé. Má dá a lóhùn."

Màmá fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Wọ́n di aṣọ náà mú, wọ́n fà á kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ lójú títì. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti di aláwọ̀ ewé, láti ọmọ ìka títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, omi kan gbára jọ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó tóbi, ó já, ó sì bọ́ sórí ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Kì í ṣe èmi," Màmá wí. Wọ́n mí, wọ́n tún wá ọ̀rọ̀. "Mo sọ fún un. Mo ní kì í ṣe èmi."

Orí mi kò tíì gbé ohun tí wọ́n ń sọ. Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè lọ́wọ́. Mo ń pariwo pé hítà ni. Hítà jẹ́ rédíétọ̀ kékeré kan tí àwọn tó ṣe mọ́tò ń fi pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí àwọn tó ń gbé ní ìlú òtútù lè rí ooru yá. Ní Abẹ́òkúta, ta ló ń wá ooru kún ooru? A máa ń gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ti ọkọ̀ yìí ti lu, tí omi bá sì ti gbóná tó ń tì í, á bẹ̀rẹ̀ sí kán sínú ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì fi ń ṣú. Mo yíjú láti ṣàlàyé fún Ọ̀gá Tíṣà, mo rí i pé ó ti jókòó sórí kọ́ńkéré ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà.

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi. Láti oṣù mẹ́ta, tí wọ́n bá ti dé ilé ìwòsàn, òun á rí i pé ibi ẹsẹ̀ ìyàwó òun ti rin, omi náà á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò láwọ̀, kò lóòórùn tó yàtọ̀. Kí ni èèyàn ó rò nípa ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, bí kò ṣe pé kò lè di ìtọ̀ mú mọ́? Òun kò sọ fún nọ́ọ̀sì, òun kò sọ fún mi. Ọwọ́ ara òun lòun fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Òun lòun tẹ́ ọ̀rá, òun lòun ra káńfọ̀, kí àṣírí aya òun má baà tú. Àwọn ọmọ ló padà rí i nígbà tí wọ́n wá kí wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ní kí ìyá wọn dẹ́kun ìjáde.

"Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kì í ṣe òun," ó ní. "Mo fọwọ́ pa á lórí. Mo ní kò burú."

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bá jà. Mo bínú sí omi òjò rẹ̀, nítorí ká ní kúlántì wà nínú ọkọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan péré là bá fi mọ̀. Mo bínú sí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo bínú sí jù. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Láfẹ́ńwá máa ń sọ fún mi pé kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀, kí n bi gbogbo ẹni tó ń wọ̀ ọ́ léèrè ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe ẹni tó ń wà á nìkan. Ìgbà márùn-ún ni Màmá jókòó sínú ọkọ̀ náà lójú mi. Ọkọ wọn ni mo ń bi.

Họ́ọ̀sì méjì ló ń wọ inú hítà. Mo yọ méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀ kí omi má gba inú hítà mọ́, mo fi kílíìpù dè é lọ́tùn-ún lósì. Mo da kúlántì tó kù sí i. Iṣẹ́ tí kò tó ogún ìṣẹ́jú ni, lẹ́bàá ọ̀nà, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Bí mo ti ń ṣe é, Ọ̀gá Tíṣà lọ dúró ti ilẹ̀kùn Màmá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Dákun, má bínú." Fóònù ni Màmá bèèrè. Ó pe àkọ́bí wọn, ó gbé e sí wọn létí, Màmá sì fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Omi mọ́tò ni," wọ́n ní. "Àwọ̀ ewé." Wọ́n dá fóònù padà fún ọkọ wọn, wọ́n ní ká máa lọ, nọ́ọ̀sì ń dúró.

Wọn ò ta ọkọ̀ náà. Ọ̀gá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń ra kúlántì báyìí, ó sì máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kó tó sanwó. Nígbà kan, ó bi mí pé kí ni ìdí rẹ̀ gan-an tí wọ́n fi pa á láró. Mo ní kí ojú lè rí i ni, sà. Ó ronú sí i díẹ̀. "Ó dára," ó ní. "Jókòó."

Ní tèmi, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná wá, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń jókòó síwájú, ta ló ń jókòó sẹ́yìn, kí ni wọ́n sì ń wí. Ó ń bí àwọn tó ń lọ sí Èkó nínú, wọ́n ní àwọn ò wá jẹ́jọ́. Mo ní kí wọ́n lọ pe ìyàwó wọn wá.

Nínú oṣù tó parí ọdún yẹn, ọkọ̀ Ọ̀gá Tíṣà tún wọ ọgbà mi. Mo ti ń kẹ́dùn kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ló ṣí. Ọ̀pá jáde, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkejì, Màmá sì rìn láti ibẹ̀ dé ìdí bẹ́ńṣì mi, ó tó ìṣísẹ̀ méje, ọkọ wọn ń bọ̀ lẹ́yìn láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ wọn funfun bálaú. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, wọn ò sì tọrọ àforíjì.

"Káyọ̀dé," wọ́n ní, "bẹ̀rẹ̀, kóo wo ẹsẹ̀ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀ náà níwájú gbogbo àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀. Ó gbẹ.